Ẹ Yẹ Wáyà Wò Kí Ẹ Tó Pa Ẹ̀rọ Tì

Ọ̀rọ̀ kan ń dùn wá láti ìgbà tí a ti dé láti ibi iṣẹ́ SIWES, a kò sì fẹ́ gbé e mì.

Jahi, ní Àbújá, ni a ti ṣe é. Àwa mẹ́ta wà lábẹ́ ọ̀gá kan tó ń so inverter àti bátìrì lithium sí ilé àti ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ kan, màmá kan tó ń ta ẹja inú yìnyín ránṣẹ́ pè wá. Oníṣẹ́ kan ti bá a gbé inverter rẹ̀ lọ sí ara ògiri kejì. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rọ ti ń ké, tí kò sì gba iná bátìrì mọ́. Oníṣẹ́ náà wò ó títí, ó ní bátìrì ti kú, kí màmá wá owó òmíràn. Ká má purọ́, àwa náà ń mi orí sí i. Ta ni yóò bá ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ jiyàn? Omi ti ń sun lára ẹja, màmá sì ti ń ronú àwọn tí wọ́n jọ ń dá èsúsú.

Ọ̀gá wa béèrè ohun kan péré: "Kí ni ẹ pààrọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ gbé e?"

Wáyà ni. Èyí tó bá bátìrì wá kò gùn tó, oníṣẹ́ sì gé wáyà íntánẹ́ẹ̀tì, ó tẹ ẹnu sí i bí ẹni tó fẹ́ fi so kọ̀ǹpútà. Ẹnu wọn jọra lóòótọ́, ẹsẹ̀ mẹ́jọ mẹ́jọ ni wọ́n ní. Ṣùgbọ́n nínú ìwé bátìrì náà, ẹsẹ̀ keje àti ìkẹjọ ni ọ̀rọ̀ ń gbà jáde. Ẹsẹ̀ kìíní àti ìkejì ni inverter fi ń gbọ́ ọ. Ọ̀gá pa iná, ó tú páálí, ó rí wáyà kúkúrú àtijọ́, ó ní kí a gbé bátìrì súnmọ́ ọn. Ó kì í bọ̀ ọ́, ó tan iná. Igbe ẹ̀rọ dákẹ́. A fi tẹ́sítà wo wáyà náà lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀, a sì ṣe gígùn kan bíi rẹ̀.

A ti kọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní kíláàsì o! A mọ̀ pé ìròyìn ń tò lọ́kọ̀ọ̀kan lórí irú wáyà bẹ́ẹ̀, bí akẹ́kọ̀ọ́ lórí ìlà oúnjẹ. A mọ̀ pé ọdún 1960 ni RS-232 jáde ní Amẹ́ríkà, tí RS-485 sì dé ní 1983. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ti so ẹsẹ̀ kejì àti ìkẹta ẹnu RS-232 ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́sàn-án pọ̀, tó tẹ lẹ́tà kan, tó sì wò ó bóyá yóò padà wá bá òun? Bí ó bá padà, ẹnu kọ̀ǹpútà yè. Ẹ lọ bi wáyà tàbí ẹ̀rọ kejì. Bí lẹ́tà bá ń wọlé ní wúruwùru, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan wà ní 9600, kí èkejì wà ní 19200. Ti RS-485, ẹ pa iná, ẹ fi tẹ́sítà sáàárín A àti B. Bí rèsístọ̀ 120 ohm bá wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì bó ṣe yẹ, nǹkan bí 60 ni ẹ ó rí. Bí ẹ bá rí 120, ọ̀kan kò sí níbẹ̀, tàbí wáyà ti já. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, ẹ yí A àti B padà wò, nítorí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ kò tíì fẹnu kò lórí èwo ni A. (Láti 1983!)

Àwọn kan yóò ní nǹkan àtijọ́ ni. Ẹ lọ wo ilé iṣẹ́ ńlá, ẹ wo inverter: Modbus tó jáde ní 1979 ṣì ń rìn lórí wáyà méjì náà.

A bẹ ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ fún wa ní wáyà tí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ bà jẹ́, kí a wá àbùkù rẹ̀, kí ẹ sì fi máàkì sí i. Kí àwa náà yé sọ pé "ó ti kú" láìlè sọ ohun tí a fi wádìí.

Màmá ẹlẹ́ja fún wa ní ẹja mẹ́ta, ó sì ní kí a kọ bí wáyà náà ṣe tò sára ògiri fún òun. Ó ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí a kúrò ní Jahi.