Owó orí ilé àti ilẹ̀: Ta ni yóò là á yé ará Ìgbògbò?

Bí ìbò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, kò sí abúlé tí ẹsẹ̀ olóṣèlú kì í dé láti Ìgbògbò títí dé etí ọ̀sà ní Bàyékù. Wọn a ṣèlérí ọ̀nà, wọn a ṣèlérí omi ẹ̀rọ àti ilé ìwòsàn. Ẹni tí yóò sọ ibi tí owó rẹ̀ yóò ti jáde ló wọ́n bí ojú. Ìgbà tí ìbò bá tán ni ìwé owó orí máa ń dé.

Àwọn àgbà tó mọ rògbòdìyàn Àgbẹ́kọ̀yà ọdún 1968 sí 1969 mọ̀ pé kì í ṣe iye owó nìkan ló bí àgbẹ̀ nínú nígbà náà. Àwọn agbowó orí ń fìyà jẹ wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà oko kò ṣeé rìn.

Ọdún 2001, nígbà tí Aṣíwájú Bọ́lá Tinúbú jẹ́ gómìnà, ni òfin Land Use Charge bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó. Wọ́n da owó orí ilé tó jẹ́ ti kánsù pọ̀ mọ́ owó ilẹ̀ tó jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀. Ó rọrùn fún ẹni tó ń gbà á. Ẹni tó ń san án ni kò mọ ẹni tí yóò mú mọ́ bí ọ̀nà bá bàjẹ́.

Lọ́dún 2018, Gómìnà Akínwùnmí Àmbọ̀dé fi òfin tuntun gbé owó náà sókè. Àwọn agbẹjọ́rò Ìkẹjà fẹ̀hónú hàn, àwọn oníṣòwò pariwo, nígbà tó sì di oṣù Kẹta ọdún náà, ìjọba gé ti ilé iṣẹ́ àti ilé ìtajà sí ìdajì. Àwọn tí ohùn wọn dé ìlú ló jẹ àǹfààní rẹ̀ jù. Ní 2020, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú dá òṣùwọ̀n rẹ̀ padà sí bó ṣe wà kí 2018 tó dé. Ti ilẹ̀ oko wá di 0.01 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn náírà 1 lórí ilẹ̀ tó tó náírà 10,000. Òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì tó ń dá gbé ilé ara rẹ̀ kì í san kọ́bọ̀. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ló yẹ kí wọ́n fi gbohùngbohùn kéde lọ́jọ́ ọjà, ṣùgbọ́n ìrẹsì àti ańkárá ni wọ́n ń kó wá.

Ti Ìgbògbò tilẹ̀ tún le ju ti ibòmíràn lọ. Kánsù Ìgbògbò/Bàyékù wà lára 37 tí Tinúbú dá sílẹ̀ ní 2003. Ìwé òfin ilẹ̀ wa kò dá wọn mọ̀, Ìkòròdú nìkan ló kà. Ìyẹn ló mú kí Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ dá owó kánsù Èkó dúró ní 2004. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ lọ́dún náà pé kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a dúró, ṣùgbọ́n ó ní ilé aṣòfin àpapọ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí kánsù tuntun kí ó tó pé. Ní July 11, 2024, ilé ẹjọ́ kan náà pàṣẹ pé kí owó máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ti Ìkòròdú ni wọ́n ń sọ.

Síbẹ̀, wọ́n dìbò ní July 12, 2025 ní gbogbo kánsù 57 tó wà l'Ékòó, Ìgbògbò/Bàyékù sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ alága yóò kọ́kọ́ bi í pé: nínú owó Ìkòròdú, èló ló ń kàn yín lóṣù, ta ló sì ń pín in?