Ta ló sọ pé orin kílásíkà kò gbọdọ̀ rí ìta?

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, ilé iṣẹ́ BBC gbé ọ̀kan nínú eré orin ọlọ́dọọdún rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Proms kúrò ní gbọ̀ngàn Royal Albert Hall, ó di inú ilé ìgbọ́kọ̀sí alájà púpọ̀ kan ní Peckham, lápá gúúsù London. Orin Steve Reich, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ń pé ẹni 80 ọdún lọ́dún náà, ni wọ́n lù. Àwọn tí ó lù ú ni Multi-Story Orchestra, ẹgbẹ́ tí Christopher Stark àti Kate Whitley dá sílẹ̀ lọ́dún 2011 nínú ilé ìgbọ́kọ̀sí yẹn gan-an. Kò sí àga onítìmùtìmù. Kọnkéré ni lókè, kọnkéré ni nísàlẹ̀, rélùwéè sì ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ bí àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn. Àwọn èèyàn jókòó, wọ́n sì gbọ́ orin.

Ní Peckham! Ẹni tí ó bá mọ òpópónà Rye Lane mọ̀ pé láti orí iṣu dé orí pánlá, kò sí ohun tí ọmọ Yorùbá ń wá níbẹ̀ tí kò ní rí. Àwùjọ tí wọ́n ti ń sọ fún tipẹ́ pé orin kílásíkà kì í ṣe tirẹ̀ ni orin náà wá bá nílé.

Títí di òní, inú àwọn kan kò dùn sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ní London àti ní Èkó bákan náà. Ẹ̀sùn wọn kò ju méjì lọ. Wọ́n ní orin kílásíkà fẹ́ ìdákẹ́rọ́rọ́ àti ọ̀wọ̀. Wọ́n tún ní àmúlùmálà ni kí wọ́n pò ó mọ́ jazz, mọ́ ìlù Áfíríkà àti mọ́ orin ijó.

Ẹ̀sùn àkọ́kọ́ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní 1778, wọ́n lu sínfóníì tuntun kan tí Mozart kọ ní Paris. Nínú lẹ́tà tí ó kọ sí bàbá rẹ̀, ó ròyìn bí àwọn òǹwòran ṣe pàtẹ́wọ́ nígbà tí orin ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ṣé ó bínú ni? Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lọ jẹ áísìkirimù nígbà tí eré parí. Ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àṣà kí èèyàn jókòó bí ère nínú gbọ̀ngàn tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àwọn tí ó ń fi orúkọ Mozart dẹ́rù ba ọmọdé tí ó bá pàtẹ́wọ́ lásìkò tí kò wù wọ́n, Mozart fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń bá wí.

Ẹ̀sùn kejì ló burú jù, nítorí àìmọ̀ ló bí i, Yorùbá ni ó sì ń pa lára. Steve Reich tí wọ́n lu orin rẹ̀ ní Peckham lọ sí Ghana lọ́dún 1970, ó kọ́ ìlù lọ́dọ̀ Gideon Alorwoyie, ọ̀gá onílù Ewe, kí ó tó padà sílé lọ kọ Drumming. Níbo wá ni mímọ́ tí wọ́n ń sọ wà? Fẹlá Ṣówándé, tí wọ́n bí ní Ọ̀yọ́ ní 1905, lu dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì ní London, ó sì lu jazz nílé ijó ní ìlú kan náà. Nígbà tí ó kọ African Suite ní 1944, ohùn háílàìfù ni ó fi kádìí rẹ̀. Rédíò Kánádà fi ìkádìí náà, Akinla, ṣe orin ìbẹ̀rẹ̀ ètò kan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mélòó ni ó mọ̀ ọ́n ní Ọ̀yọ́? Akin Euba náà kó ìlù Áfíríkà, fèrè atenteben ti Ghana àti àwọn ohun èlò orin Yúróòpù pọ̀ sínú Chaka ní 1970. Ọdún 17 lẹ́yìn èyí ni Bang on a Can ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní New York, tí wọ́n ń yìn pé òun ló wó ògiri tó wà láàárín orin kílásíkà àti orin ìgboro. Ẹni tí ó bá pe àmúlùmálà ní ẹ̀ṣẹ̀ ti lé Ṣówándé àti Euba kúrò nínú ilé tí wọ́n bá wọn kọ́.

Ibì kan wà tí àwọn alátakò ti rí ọ̀rọ̀ sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n máa ń fọwọ́ sí. Àwọn eléré kan wà tí ìlù dùndún kò ju ata wẹ́wẹ́ orí ọbẹ̀ lọ lójú wọn. Wọn a ní kí onílù lu ìṣẹ́jú márùn-ún níbẹ̀rẹ̀ eré, wọn a ya fọ́tò, wọn a sì ní kí ó lọ jókòó. Ọ̀rọ̀ ni ìyáàlù ń sọ. Bí fayolíìnì bá gba ohùn rẹ̀ láìmọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń gòkè àti ibi tí ó ti ń sọ̀kalẹ̀, ìsọkúsọ ló kù. Ẹ wo àwọn orin ìsìn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n tú sí Yorùbá nígbà àwọn míṣọ́nárì: ohùn orin ń gòkè, ọ̀rọ̀ ń sọ̀kalẹ̀, ọkọ́ àgbẹ̀ a sì di ọkọ̀ lẹ́nu akọrin. Ọ̀ràn yìí ni Ekúndayọ̀ Phillips, tó lu dùùrù Kàtídírà Marina l'Ékòó, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lé lórí, ó sì kọ ìwé Yoruba Music, tó jáde ní 1953. Euba kọ odindi ìwé lórí dùndún nìkan, èyí tó jáde ní 1990. Àwọn tí ó mọ orin pò dáadáa kẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n tó pò ó. Eré ìta gbangba kò sọ pé kí wọ́n má kẹ́kọ̀ọ́.

Òótọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo orin ló lè bá ariwo jẹ̀rókè jìjàkadì. Orin Ayọ̀ Bánkọ́lé fún ohùn ẹnì kan àti dùùrù fẹ́ yàrá tó dákẹ́. Kí wọ́n wá yàrá fún un, kódà kó jẹ́ kíláàsì ilé-ìwé tí wọ́n ti àga sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ṣùgbọ́n African Suite yóò jàre ariwo. Chaka, tó kún fún ìlù, yóò jàre rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí iṣẹ́ wọ̀nyí kò lè jàre rẹ̀ ni inú kọ́bọ́ọ̀dù tí a bá tì wọ́n mọ́, nígbà tí àwọn tó pe ara wọn ní olùṣọ́ wọn ń jiyàn lórí ta ló wọ kóòtù àti ta ni kò wọ̀ ọ́.

Ilé ìgbọ́kọ̀sí wà ní Ìbàdàn, ó wà l'Ékòó, ó wà l'Ábẹ́òkúta. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa ń ṣófo.