Owó Iṣẹ́ Ológbò

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ológbò re àjò, ilé di ilé èkúté. Nítorí eku ni àwọn àgbà ṣe ń sin ológbò nílé àti lábà. Wọn kì í sì bọ́ ọ yó, nítorí ìgbàgbọ́ wọn pé ológbò tó bá yó kò ní í dẹ eku mọ́. Ẹ̀bà àjẹkù àti orí ẹja ni ìpín rẹ̀. Ẹran eku ni yóò fi kún un.

Ìpín náà ti ń dín kù. Láti ọdún 2023 tí owó epo bẹntiróòlù ti fò sókè, owó ẹja kò dúró lójú kan. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, onílé ló ń jẹ orí ẹja, ẹ̀bà lásán ló kù fún ológbò.

Ẹran ni Ẹlẹ́dàá dá ológbò láti máa jẹ. Ohun kan wà nínú ẹran àti ẹja tí ń jẹ́ taurine, tí ara ológbò kò lè pèsè tó. Ní 1975, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àìní rẹ̀ ń ba ojú ológbò jẹ́. Ní 1987, Paul Pion àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì California ní Davis rí i pé ó ń sọ ọkàn rẹ̀ di aláìlágbára. Epo pupa inú ọbẹ̀ kò lè gbà á: ara ènìyàn ń rí fítámì A fà yọ nínú epo, ṣùgbọ́n inú ẹran nìkan ni ológbò ti ń rí i. Àlùbọ́sà sì ń ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́.

Kí ni ológbò tí ojú rẹ̀ fọ́ yóò fi mú eku? Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ló ń kó ibà Lassa ran ènìyàn, ibà tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní 1969, tó sì ti pa ènìyàn ní agbègbè Ọ̀wọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka sísin ológbò mọ́ ọ̀nà ìdènà rẹ̀, pẹ̀lú dídé oúnjẹ àti ìmọ́tótó ilé.

Àwọn àgbà kò jẹ̀bi. Eku pọ̀ lábà wọn, ológbò sì ń rí ẹran jẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ebi nìkan ló ń mú ológbò dọdẹ. Ológbò tó yó ṣì ń dẹ eku, àbímọ́ rẹ̀ ni.

Ẹni tó gba ọdẹ sílé a máa san owó ọdẹ. Ẹja kékeré tí wọ́n bọ̀ láìsí àlùbọ́sà, tí wọ́n yọ egungun rẹ̀, tí wọ́n sì fún un pẹ̀lú omi rẹ̀, nítorí taurine a máa yọ́ sínú omi: owó iṣẹ́ ológbò nìyẹn.