Láti Alákijà dé Thompson
Ìdílé tó bá kó kúrò ní Alákijà, ní Èkó, lọ sí Thompson, ní Manitoba, ti kọjá Kánádà tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀. Ìlú ìwakùsà níkẹ́lì ni, inú igbó, nǹkan bí 760 kìlómítà sí Winnipeg. Òtútù ibẹ̀ pọ̀ débi pé ibẹ̀ làwọn ilé-iṣẹ́ mọ́tò ń gbé ọkọ̀ lọ dán wò.

Ní 2019, ìjọba Kánádà yan ìlú 11, kí àjèjì tó bá ríṣẹ́ níbẹ̀ lè gba ìwé ìgbélùú; Thompson kò sí lára wọn.

Irú ètò bẹ́ẹ̀ dáa. Ṣùgbọ́n ní Alákijà, aládùúgbò ń bá ìyá ọlọ́mọ gbọmọ pọ̀n. Ta ni yóò bá a gbé e lọ́hùn-ún, níbi tí ilẹ̀ ń tètè ṣú ní Oṣù Kejìlá? Kí ìlú tó ń wá òṣìṣẹ́ bá a wá ààyè sí jẹ́lé-ó-sinmi fún ọmọ rẹ̀, kó tó wọ bàálù.