Nígbà Tí Onílé Bá Ní Kí Àlejò Padà

Bí ènìyàn bá kan ilẹ̀kùn, tí onílé sì ní kí ó padà, ẹ̀tọ́ ni kí ó padà. Bí ó bá gba ojú fèrèsé wọlé, bí ẹ̀bùn tilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, olè ni àdúgbò yóò pè é. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ í-meèlì tí àwọn ẹgbẹ́, ilé-ìwé àti oníṣòwò ń fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà.

Àṣà yìí ti pẹ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1978, Gary Thuerk, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ní Amẹ́ríkà, fi ìpolówó ọjà ránṣẹ́ sí nǹkan bí 400 ènìyàn tí kò bèèrè fún un. Ìbínú ni ó tẹ̀lé e. Bí irú rẹ̀ ti ń pọ̀ sí i ni àwọn tí ń ṣọ́ àpótí lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí wo ìwà ẹni tí ń kọ̀wé. Láti oṣù kejì ọdún 2024, Google ti pàṣẹ fún ẹni tí ó bá ń fi lẹ́tà 5,000 ránṣẹ́ sí àwọn oní-Gmail lóòjọ́ pé ẹ̀sùn àwọn olùgbà kò gbọdọ̀ dé 3 nínú 1,000.

Ta ni ìyà ń jẹ bí orúkọ bá bàjẹ́? Kì í ṣe ẹni tí ó kọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń retí ọjọ́ ìdánwò ni, àti ọmọ ẹgbẹ́ tí ń retí ìròyìn ìpàdé: àárín pàǹtí ni lẹ́tà tiwọn yóò bọ́ sí. Aṣọ funfun òun àbàwọ́n kì í rẹ́.

Kí ni ṣíṣe? Àdírẹ́sì tí kò sí mọ́, kí akọ̀wé dá a dúró lójú ẹsẹ̀. Èyí tí àpótí rẹ̀ kún, kí ó fún un ní àyè díẹ̀ kí ó tó tún gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní òun kò fẹ́ mọ́, tàbí tí ó fi ẹ̀sùn kan lẹ́tà náà, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ti parí.

Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọn a pa orúkọ náà rẹ́ pátápátá, wọn a sì rò pé ó tán. Lọ́jọ́ tí akọ̀wé tuntun bá mú ìwé orúkọ àtijọ́ jáde, ẹni tí ó ti kọ̀ tún ti wọlé. Ohun tí ó tọ́ ni kí àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀ wà nínú ìwé ọ̀tọ̀, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò kí lẹ́tà kankan tó jáde. Onítọ̀hún nìkan ni ó lè ní kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn náà padà.

Àwọn kan a tún máa ra orúkọ lọ́jà, tàbí kí wọ́n pa àdírẹ́sì tiwọn dà kí wọ́n lè yọ́ wọlé. Ẹ̀tàn ni. Òfin tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 lórí ààbò ìsọfúnni ara ẹni fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti gba ìyọ̀ǹda rẹ̀ padà.

Kí ọ̀dọ́ tí ẹgbẹ́ bá fi iṣẹ́ akọ̀wé lé lọ́wọ́ mọ̀ pé orúkọ gbogbo ẹgbẹ́ ni ó wà níkàáwọ́ rẹ̀. Ìwé tí 300 ènìyàn ń fi ìfẹ́ kà sàn ju èyí tí ó ń da 3,000 láàmú lọ.