Ta Ni Aláìgbàgbọ́?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn oníwàásù wa: wọ́n ní Yorùbá kò mọ ẹni tí kò gbà pé Ọlọ́run wà, pé àrùn òyìnbó ni, àti pé ẹni tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run kò lè níwà. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu pásítọ̀ ní Òwu níbí, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àáfà. Bóyá ibi kan ṣoṣo tí ohùn wọn ti dọ́gba nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ orúkọ náà wò. Láti ìgbà tí Townsend àti Crowther ti gbé iṣẹ́ ìjọ dé Abẹ́òkúta ní 1846, abọ̀rìṣà ni ìjọ ń pè ní aláìgbàgbọ́. Àwọn Mùsùlùmí ń pe ẹni kan náà ní kèfèrí, ọ̀rọ̀ tí ó ti inú èdè Lárúbáwá wá. Lónìí, ẹni tí kò bọ nǹkan kan ni a tún fi orúkọ wọ̀nyí pè. Ẹni tí ọlọ́run rẹ̀ pọ̀ jù àti ẹni tí kò ní rárá wá ń jẹ́ orúkọ kan! Èébú ni èyí, kì í ṣe àpèjúwe.

Ní 1849, nínú ìlú yìí kan náà, a mú àwọn Ẹ̀gbá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ di Kristẹni, a nà wọ́n, a kan àbà mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, nítorí pé wọ́n kọ ohun tí baba wọn ń bọ sílẹ̀. Ìjọ tí ó la irú ìyà bẹ́ẹ̀ já ni ó yẹ kí ó kẹ́yìn nínú àwọn tí yóò máa pa ẹlòmíràn lẹ́nu mọ́.

Ní ti ìwà, Ìkẹ́nnẹ́ kò jìnnà sí wa. Tài Ṣólàrín kò fi pamọ́ pé òun kò gba Ọlọ́run gbọ́. Ní 1956, òun àti Sheila aya rẹ̀ dá Mayflower School sílẹ̀, níbi tí oko ríro wà ṣùgbọ́n tí ìsìn òwúrọ̀ kò sí. Kristẹni àti Mùsùlùmí ń kó ọmọ wọn lọ bá a. Ìjọba ológun tì í mọ́lé ní 1984 nítorí ohun tí ó kọ, kò sì yí ohùn padà títí ó fi kú ní 1994. Ìwà rere ni ẹ̀ṣọ́ ènìyàn, ni àwọn àgbà wí. Wọn kò ní àdúrà ni.

Èmi kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn, n kò sì fara mọ́ àwọn tí ó rò pé yẹ̀yẹ́ ni àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n a mú Mubarak Bala ní Kàdúná ní 2020 nítorí ohun tí ó kọ sórí Facebook nípa ẹ̀sìn. Ilé-ẹjọ́ ní Kánò dá ẹ̀wọ̀n ọdún 24 fún un ní 2022. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dín in kù sí 5 ní 2024. Ó jáde ní 2025. Abala 38 nínú òfin ọdún 1999 sì wà níbẹ̀, tí ó fún olúkúlùkù ní òmìnira èrò àti ẹ̀rí-ọkàn.

A kì í fi ìbọn dá wọn lóhùn ní Abẹ́òkúta, òótọ́ ni. Orí àga ìwàásù ni a ti ń dá wọn lóhùn, níbi tí wọn kò ti lè fèsì. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ fún wọn ní wákàtí kan lórí rédíò tí ẹ fi ń wàásù láàárọ̀, kí pásítọ̀ àti àáfà jókòó tì wọ́n, kí àwa náà gbọ́.