Owó Ìjọba àti Ẹnu Òṣèré

Nínú ìpàdé wa tó kọjá, ọ̀pọ̀ ló ń pariwo pé àfi kí ìjọba máa fún àwọn òṣèré lówó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àṣà wa yóò parun. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ tán.

Ta ló fún Hubert Ògúndé lówó? Owó ìwọlé tí àwọn òǹwòran ń san ló fi ń bọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, láti Èkó títí dé òkè Ọya níbí tí a bí àwa kan sí. Nígbà tó ṣe “Strike and Hunger” nípa ìyanṣẹ́lódì 1945, ìjọba amúnisìn mú un ní Jos ní 1946, wọ́n sì bu owó ìtanràn lé e. (Àwa tí a dàgbà ní Jos, mélòó nínú wa ló mọ̀?) Ní 1964, ó gbé “Yorùbá Ronú” jáde. Ó dun ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn wọra, wọ́n ní ẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣeré mọ́ ní gbogbo agbègbè náà. Ó di 1966, lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba, kí òfin náà tó kúrò. Ká ní àpò ìjọba yẹn ni oúnjẹ rẹ̀ ti ń wá, ṣé yóò tilẹ̀ kọ eré náà? Òkè ni ọwọ́ afúnni ń gbé.

Ṣùgbọ́n n kò ní kí ìjọba káwọ́ lẹ́rán. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn yìí náà, kí ọ̀rọ̀ tó dàrú, ló dá ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959, níbi tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ eléré Yorùbá ti rí ààyè. Apá eléré kankan kò ká irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Gbọ̀ngàn, ẹ̀rọ, ilé tí a óò máa kó fíìmù àtijọ́ pamọ́ sí kó má bàa jẹrà: ibẹ̀ ni kí owó ìlú lọ. Kí wọ́n sì máa tọ́jú rẹ̀ o! Gbọ̀ngàn ńlá Ìgànmú tí a lò fún FESTAC ní 1977 bàjẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí àwọn báńkì tó kówó jọ tún un ṣe.

Èyí ló mú mi dé orí eré Ọjọ́ Àṣà wa. Àwọn kan ní ká kọ lẹ́tà sí olóṣèlú kan kó wá gbé gbogbo ìnáwó náà. Bí iléèwé bá yá wa ní gbọ̀ngàn àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó tọ́, owó gbogbo wa ni. Ṣùgbọ́n owó aṣọ àti owó onílù, ẹ jẹ́ ká dá a láàárín ara wa, ká sì ta tíkẹ́ẹ̀tì. Eré ọdún yìí dá lórí àwọn tó ń fowó ra ìbò. Olóṣèlú wo gan-an ni a fẹ́ kọ lẹ́tà náà sí?